Kókó wo ló yẹ okùn pẹlẹbẹ? Ohun tó yẹ kí ẹni tó ń gun òkè mọ̀

Kí adẹ́mu tó gun ọ̀pẹ, yóò kọ́kọ́ yẹ igbà rẹ̀ wò. Yóò gbé e yí ìdí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀ po, yóò so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò sì fi ẹ̀yìn tì í pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Bí ibi tó so bá yọ̀ nílẹ̀, kò sí wàhálà, yóò tún un so ni. Ṣùgbọ́n bó bá di òkè kó tó yọ̀, ọ̀rọ̀ di ti ilé ìwòsàn, bí kò bá tiẹ̀ di ti ibojì.

Ìṣòro yìí kan náà ló dojú kọ àwọn tó ń fi gígun àpáta ṣe eré ìdárayá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, ó sì kan ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ ń gbé gun òpó gíga tàbí ilé alájà púpọ̀ lórílẹ̀-èdè yìí. Ohun tó mú tiwọn yàtọ̀ ni pé, yàtọ̀ sí okùn róbótó, wọ́n tún máa ń lo okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi náílọ́ọ̀nù hun, tó rí bíi bẹ́líìtì inú ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé kókó tó bá di okùn róbótó mú yóò di pẹlẹbẹ náà mú. Irọ́ gbáà ni. Okùn róbótó máa ń fún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí wọ́n bá ti ń fà á, ṣùgbọ́n pẹlẹbẹ a máa yọ̀ lórí ara rẹ̀, pàápàá bó bá lọ́ tàbí tó ṣẹ́ po nínú kókó.

Èyí tó léwu jù ni kókó tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, ìyẹn èyí tí à ń ta lẹ́ẹ̀mejì láti fi di ẹrù. Lórí ẹrù, kò sí ohun tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ká fi so okùn méjì pọ̀ kí ènìyàn sì gbé ara lé e, ikú ni. Clifford Ashley, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ ìwé ńlá kan nípa kókó lọ́dún 1944, sọ ọ́ nínú ìwé náà pé bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi kókó yìí so okùn méjì pọ̀ ti ṣeé ṣe kó pa ènìyàn ju ọ̀pọ̀ kókó mìíràn lápapọ̀ lọ.

Kókó tí àwọn agunkè yàn fún okùn pẹlẹbẹ ni èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní water knot, tí a lè pè ní kókó omi. Títa rẹ̀ kò le. Wọn yóò ta kókó ẹyọ kan sí orí okùn kìíní, wọn kò sì ní fà á le. Lẹ́yìn náà, wọn yóò mú orí kejì wá láti òdìkejì, yóò wọlé níbi tí orí àkọ́kọ́ ti jáde, yóò sì máa tọ ipa ẹnìkejì rẹ̀ padà títí yóò fi jáde. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí méjèèjì sùn lé ara wọn pẹrẹsẹ, kí ọ̀kan má ṣe lọ́. Nígbà náà ni wọn yóò wá fà á le, wọn yóò sì fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́.

Ìrù tó kù lẹ́yìn kókó gbọ́dọ̀ gùn tó ínǹsì 3, ó kéré tán. Ìdí ni pé kókó omi ní àléébù kan: bí wọ́n bá ń gbé ara lé e, tí wọ́n ń gbé ara kúrò, léraléra, ìrù náà a máa wọlé díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fura. Kì í já, ṣe ni yóò kàn tú. Ẹni tó ta á lánàá tí kò tún wò ó lónìí kó tó gùn ún, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n fi Dyneema hun. Ó fúyẹ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń yọ̀ bí ilá. Kókó omi kò ṣeé fọkàn tán lára rẹ̀ rárá, ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé rírán ni wọ́n máa ń rán an pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Okùn pẹlẹbẹ rírán tó bá bá ìlànà EN 566 ti ilẹ̀ Yúróòpù mu gbọ́dọ̀ lè gba 22 kN, ìyẹn bí ìgbà tí wọ́n gbé ohun tó lé ní kílò 2,200 kọ́ ọ. Kókó kì í jẹ́ kí okùn lo gbogbo agbára rẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ibi tí okùn bá ti ṣẹ́ po ni ìfúnpá pọ̀ sí.

Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń ta kókó? Ìdí kan náà tí adẹ́mu fi ń tú igbà rẹ̀ ni. Imọ̀ ọ̀pẹ kò ní í jẹ́ kí igbà gba orí wọlé, àfi kó tú u nílẹ̀ kó sì tún un so. Agunkè tó bá fẹ́ so okùn mọ́ igi ńlá náà gbọ́dọ̀ lè tú u, kó sì yan bó ṣe fẹ́ kó gùn tó.

Kókó tó dára kò sì lè gba okùn tó ti gbó là. Lọ́dún 2006, Todd Skinner, ọ̀kan lára àwọn agunkè tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, já bọ́ ní Yosemite nígbà tí òrùka okùn pẹlẹbẹ tó wà níwájú bẹ́líìtì ìgùnkè rẹ̀ já. Ó ti jẹ gan-an kó tó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà.

Oòrùn nìkan tó láti ba náílọ́ọ̀nù jẹ́, ti ilẹ̀ wa yìí sì mú. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá, tó gan, tàbí tí etí rẹ̀ ti ń hu irun, àwọn agunkè kì í kàn jù ú sí ààtàn. Wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́ ni, kí ọmọ ẹlòmíràn má baà he é, kó sì fi gun nǹkan.