Òmìnira Ìfẹ́-inú àti Ìgbàlà nínú Ẹ̀kọ́ Calvin: Àtúnyẹ̀wò Èrò Òdì Kan

Ìfáàrà
Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé John Calvin (1509–1564), alátùn-únṣe ìjọ ní ìlú Geneva, sọ ènìyàn di ère tí Ọlọ́run ń fi okùn fà. Bí èyí bá tọ̀nà, a jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ kò ní ẹlẹ́ṣẹ̀, ìwàásù kò sì wúlò. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ẹ̀kọ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìfẹ́-inú àti Ìfipámúni
Nínú ìwé rẹ̀, Institutes, tí ẹ̀dà ìkẹyìn rẹ̀ ní èdè Látìn jáde ní 1559, Calvin ya ohun tí ìwà ẹni mú dájú sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a fipá mú ni ṣe. Ọlọ́run kò lè ṣe ibi, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń fipá mú un ṣe rere. Sátánì kò lè ṣe rere, síbẹ̀ tinútinú ni ó fi ń ṣe ibi. Bákan náà ni ẹlẹ́ṣẹ̀ ń yan ohun tí ó wù ú, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ti ba ìfẹ́-inú rẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́bi, tí kò sì lè gba ara rẹ̀ là.

Ìpàdé Dordrecht
Ní 1610, àwọn ọmọlẹ́yìn Arminius gbé kókó márùn-ún kalẹ̀ láti tako ẹ̀kọ́ yìí. Ìpàdé àpapọ̀ ìjọ tí ó wáyé ní Dordrecht, ní ilẹ̀ Netherlands, ní 1618 sí 1619, fún wọn lésì. Ó fi ẹnu kò pé oore-ọ̀fẹ́ kì í sọ ènìyàn di ìtì igi. Ń ṣe ni ó ń jí ìfẹ́-inú rẹ̀ kí ó lè gbàgbọ́ tinútinú. Ó ní kí a wàásù fún tẹrú tọmọ.

Ọ̀rọ̀ náà ‘Àyànmọ́’
Nínú ìgbàgbọ́ ìbílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ni ó yan orí ní ilé Àjàlá kí ó tó wá sáyé. Nínú ẹ̀kọ́ Calvin, Ọlọ́run ni ó yan ènìyàn fún ìgbàlà, kì í sì í ṣe nítorí ìwà rere onítọ̀hún. Olùkọ́ tí ó bá lo ‘àyànmọ́’ láìṣàlàyé yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé kádàrá ni à ń wí.

Àgbálọgbábọ̀
Ìdí tí Ọlọ́run fi yan àwọn kan, tí kò yan àwọn mìíràn, ṣì jẹ́ ìbéèrè ńlá. John Wesley pàápàá kò fara mọ́ ìdáhùn Calvin. Ṣùgbọ́n kí a tó tako ẹ̀kọ́ kan, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yé wa. Àríyànjiyàn náà kò dá lórí bóyá ènìyàn ń yan, bí kò ṣe lórí ohun tí ó ń tú ìfẹ́-inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdè.