Àgbà Tí Ó Ṣubú Lórí Kẹ̀kẹ́

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú, mo sì ti wo ẹ̀yìn dáadáa. Èmi kì í ṣe dókítà. Télọ̀ ni mí ní Ìsọlọ̀, ọmọ ọdún 51. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jìn sí kòtò lè kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní àárọ̀ Sátidé, kí ọkọ̀ tó pọ̀, èmi a gba títì márosẹ̀ lọ sí Òṣòdì, èmi a sì padà. Kẹ̀kẹ́ eré ni, táyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ó yá lórí ọ̀dà, ṣùgbọ́n danfó àti tírélà tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn mi kò jẹ́ kí ọkàn ìyàwó mi balẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ ń sá fún, èmi ni ẹ ń gbé e bọ̀ wá fún."

Nítorí náà ni mo ṣe ra kẹ̀kẹ́ orí òkè, èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí ó ní sípíríìnì níwájú. Ní California ní Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń gun ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ní 1996, ó wọ inú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta.

Mo rò pé mo ti mọ kẹ̀kẹ́ gùn tán. Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, nítorí náà mo gbé tèmi lọ sí Abẹ́òkúta, ìlú àpáta. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àkọ́kọ́, mo jókòó gbagidi gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi lójú títì, mo tẹjú mọ́ táyà iwájú. Nígbà tí eré pọ̀ jù, ẹ̀rù bà mí, mo fún bíréèkì iwájú nìkan tagbára-tagbára. Kẹ̀kẹ́ dúró; èmi kò dúró. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi gbalẹ̀.

Ó wú bí búrẹ́dì. Mo rò pé ó kàn rọ́ ni, mo bá fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí ra á fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, àwòrán fi hàn pé eegun ti sán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọwọ́ mi fi wà nínú POP, tí aṣọ oníbàárà kún ilé, tí n kò lè di sísọ́ọ̀sì mú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí ṣe ẹ̀kọ́:

1. Ẹni tí ó ti kọjá ogójì ọdún, kí ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tó 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, kí ó kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹ má sì tìtorí kẹ̀kẹ́ pa oògùn yín tì.

2. Táyà kẹ̀kẹ́ eré lè gba afẹ́fẹ́ 80 psi àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti orí òkè sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 25 sí 30. Bí fọganáísà bá fọn ọ́n le jù, yóò máa ta lórí òkúta bíi bọ́ọ̀lù.

3. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ẹ dìde lórí ìjókòó, ẹ tẹ orúnkún àti ìgúnpá, ẹ fi ìdí sẹ́yìn, ẹ rọra fún bíréèkì méjèèjì pọ̀. Ojú ọ̀nà tí ó wà níwájú ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe táyà.

4. Ẹ dé àṣíborí, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Bí ọwọ́ bá wú lẹ́yìn ìṣubú, ẹ má ra á, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ẹ fi aṣọ wé yìnyín lé e, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

5. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú ṣe eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀. Ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ báyìí: kí ẹ lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ má lè kọrin.

Ọwọ́ mi ti san. Ọ̀nà eléruku tó wà lápá Èjìgbò ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ padà, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ iṣẹ́. Àwọn ọmọdé ń fi eré ẹsẹ̀ kọjá mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo gbà fún wọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Abẹ́òkúta kò ní sá lọ.