Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ilé Dátà?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n ó kan ẹni tí ń ta iṣu lọ́jà, ó sì kan ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sí ìyá yín, bí ẹ bá wo èsì ìdánwò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà kí ó lè rí ìwé ìtọ́jú yín, ilé kan wà níbì kan tí ó ń dá yín lóhùn. Ilé náà ni à ń pè ní ilé dátà. Bí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú rẹ̀ bá dí, owó kò ní dé, èsì kò ní jáde, nọ́ọ̀sì yóò sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láì mọ oògùn tí aláìsàn ń lò tẹ́lẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń fi sọ́fúwià, ìyẹn ètò àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà tọ̀sán tòru. Irú sọ́fúwià ìṣọ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí àtẹ. Báwo ni a ṣe ń mọ èyí tí ó yẹ kí a mú?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ilé tí a fẹ́ ṣọ́. Ní ìgbà kan, kọ̀ǹpútà ńlá kọ̀ọ̀kan nínú ilé dátà a máa ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ a sì máa ṣòfò, bí ilé alájà mẹ́ta tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé. Àwọn onímọ̀ wá rí i pé a lè fi sọ́fúwià pín kọ̀ǹpútà kan sí ọ̀nà púpọ̀, kí ìpín kọ̀ọ̀kan sì máa ṣe bí ẹni pé òun ni ó ni gbogbo ilé. Ilé-iṣẹ́ IBM ti Amẹ́ríkà kéde irú ètò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1972, orúkọ rẹ̀ sì ni VM/370. Ní ọdún 1998 ni a dá ilé-iṣẹ́ VMware sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California, òun ni ó sì mú kí àṣà náà tàn ká orí àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà kan tí a lè fi ọwọ́ kàn lè gba 20 tàbí 30 kọ̀ǹpútà mìíràn sínú ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa pe èyí tí a lè fi ọwọ́ kàn ní onílé, kí a sì máa pe àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀ ní ayálégbé.

Ibí yìí ni ìṣọ́ ti di ọ̀ràn. Nígbà tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ ni ó ń gba inú wáyà kọjá, ẹni tí ó bá dúró ti wáyà yóò sì rí i. Ṣùgbọ́n bí ayálégbé méjì nínú ilé kan náà bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn lè má jáde síta rárá. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbà. Mẹ́gáàdì tí ó jókòó sí ẹnu géètì yóò búra pé ilé tòrò, nígbà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ àtijọ́ ṣì wúlò. Ní oṣù kejìlá ọdún 1983 ni ọ̀gbẹ́ni Mike Muuss ní Amẹ́ríkà kọ ètò kékeré tí ń jẹ́ ping. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà, kí ó sì mọ bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó. Ní ọdún 1988 ni ìlànà tí à ń pè ní SNMP jáde. Èyí ń bi ẹ̀rọ léèrè bí ara rẹ̀ ti rí: ọ̀rọ̀ mélòó ni ó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, mélòó ni ó sọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dáhùn pé òun wà nílé lè máa ṣàìsàn. Nítorí náà, ìbéèrè mẹ́fà ni kí ẹ bi ẹni tí ó bá fẹ́ ta sọ́fúwià ìṣọ́ fún yín.

Èkíní: ǹjẹ́ ó ń rí inú ilé? Sọ́fúwià tí ó dára a máa gba ìròyìn lẹ́nu onílé fúnra rẹ̀, kò ní gbára lé ẹnu ayálégbé nìkan. Ayálégbé lè sọ pé iṣẹ́ kò wọ òun lọ́rùn, kí ó sì jẹ́ pé ńṣe ni ó tò sórí ìlà, tí ó ń dúró de ìgbà tí agbára kọ̀ǹpútà yóò kan òun. Onílé ni ó mọ bí olúkúlùkù ṣe dúró pẹ́ tó.

Èkejì: ǹjẹ́ ó ń tẹ̀ lé ẹni tí ó kó lọ? Láti ọdún 2003 ni VMware ti lè gbé ayálégbé láti ọ̀dọ̀ onílé kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn láì dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Bí sọ́fúwià bá mọ ènìyàn nípa yàrá rẹ̀ nìkan, yóò pariwo pé lágbájá ti kú, nígbà tí ó jẹ́ pé ó kó lọ ni.

Ẹ̀kẹta: ìgbà mélòó ni ó ń wò? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ mú bírò. Ká ní sọ́fúwià kan ń kọ ìṣirò àárín fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 300. Ọ̀nà kún dẹ́nu, 100 nínú 100, fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Fún 270 tí ó kù, 10 péré nínú 100 ni ó kún. Ẹ fi 30 sọ 100 di púpọ̀, ó di 3,000. Ẹ fi 270 sọ 10 di púpọ̀, ó di 2,700. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 5,700. Ẹ fi 300 pín in, ó ku 19. Sọ́fúwià yóò kọ 19 nínú 100 sílẹ̀, ọ̀gá yóò sì rò pé àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n nínú ìṣẹ́jú-àáyá 30 yẹn, owó tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ lè má dé. Sọ́fúwià tí ń wò ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá mẹ́wàá ìbá ti rí i. Ṣùgbọ́n òun náà yóò ní ìṣirò ìlọ́po 30 láti tọ́jú, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí yóò máa kó wọn sí.

Ẹ̀kẹrin: ǹjẹ́ igbe rẹ̀ ní làákàyè? Bí onílé kan bá ṣubú pẹ̀lú 30 ayálégbé rẹ̀, sọ́fúwià tí kò gbọ́n yóò kígbe nígbà 31 ní òru. Èyí tí ó gbọ́n yóò sọ pé: onílé báyìí ni ó ṣubú, 30 sì wà nínú rẹ̀. Ọdẹ tí ń fọn fèrè ní gbogbo òru, bí olè bá dé ní tòótọ́, ńṣe ni àwọn ará àdúgbò yóò yíra padà lórí ẹní.

Ẹ̀karùn-ún: níbo ni ó dúró sí? Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ Facebook pa àṣẹ kan láti mọ bí ọ̀nà tí ó so àwọn ilé dátà wọn pọ̀ ṣe lágbára tó. Àṣẹ náà ṣèèṣì gé gbogbo ọ̀nà náà. Sọ́fúwià tí ó yẹ kí ó dá irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dúró ní àbùkù, ó sì jẹ́ kí ó kọjá. Facebook, WhatsApp àti Instagram dákẹ́ fún nǹkan bí wákàtí mẹ́fà. Irinṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wá ìdí ìṣòro wà lórí ọ̀nà kan náà, púpọ̀ nínú wọn sì dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí aṣọ́lé má ṣe sùn sínú iná tí ó yẹ kí ó ké sí ni nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: kọ́kọ́rọ́ mélòó ni a fi lé e lọ́wọ́? Ilé-iṣẹ́ SolarWinds ní ìpínlẹ̀ Texas ta sọ́fúwià ìṣọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Orion nígbà kan. Ní ọdún 2020, àwọn olè orí kọ̀ǹpútà ti fi ohun búburú pamọ́ sínú àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ náà ń fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Nǹkan bí 18,000 oníbàárà gbà á wọlé kí àṣírí tó tú ní oṣù kejìlá. Wọn kò ja gbogbo wọn lólè, ṣùgbọ́n wọ́n wọ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Bí ikú ilé kò bá pa ni, ti òde kò lè pa ni. Nítorí náà, ẹ fún aṣọ́lé ní kọ́kọ́rọ́ tí yóò fi wo yàrá, ẹ má fún un ní èyí tí yóò fi tún yàrá tò. Ẹ sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí tí ẹ̀rọ bá wá láti ilé-iṣẹ́. "Public" ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò fún SNMP, gbogbo olè ni ó sì mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń kọ́? Àwọn kan ń gba owó lórí onílé, àwọn mìíràn lórí ayálégbé, àwọn mìíràn lórí ohun kọ̀ọ̀kan tí a bá ní kí wọ́n wò. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, nítorí ayálégbé a máa pọ̀ sí i. Àwọn kan wà tí a kì í ra, bíi Nagios àti Zabbix tí ó ti ilẹ̀ Latvia jáde ní ọdún 2001. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò tọ́jú wọn gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́, yóò sì gba owó oṣù.

Nígbẹ̀yìn, ẹ má fi ẹnu ẹni tí ń tajà ṣe ìdájọ́. Ẹ mú méjì, ẹ fi wọ́n sí orí kọ̀ǹpútà díẹ̀ tí kò ru ẹrù ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì fi oṣù kan dán wọn wò. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dá ìyọnu sílẹ̀: ẹ yọ wáyà onílé kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín ayálégbé méjì, ẹ gbé ayálégbé kan kúrò ní ọ̀sán gangan, ẹ pa sọ́fúwià ìṣọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ wo ẹni tí yóò sọ fún yín. Ẹ kọ àkókò tí ìyọnu bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àkókò tí sọ́fúwià sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó sọ. Ẹ bi òṣìṣẹ́ òru bóyá ó yé e. Èyí tí ó tètè rí i, tí ó sì sọ ọ́ kí ó yéni, òun ni kí ẹ mú, bí àwòrán tirẹ̀ kò tilẹ̀ dùn ún wò.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ẹni tí ó bá wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwòsàn, ti ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè béèrè ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí bí kò tilẹ̀ fi ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.