Rẹ̀ Sílẹ̀: Ta Ní Ń Rẹ Ta Sílẹ̀?

"Lọ rẹ ara rẹ sílẹ̀." Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ nípàdé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ. A máa ń sọ ọ́ fún ọ̀dọ́ tó béèrè bí a ṣe ná owó, tàbí fún arábìnrin tí a bú ní gbangba tó sì ní ó dun òun. Ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó tún gbé e lé ẹnikẹ́ni lórí.

Nínú èdè wa, rẹ̀ sílẹ̀ yàtọ̀ sí tẹ́. Ẹni tó tẹ́ ti pàdánù iyì rẹ̀ lójú aráyé. Ṣùgbọ́n àgbà lè rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti bá ọmọdé ṣeré, kó má sì tẹ́. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì rẹ̀ ni tapeinoō, láti ara tapeinos, èyí tí àwọn Gíríìkì sábà fi ń pe ẹni tí kò já mọ́ nǹkan láwùjọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni Pọ́ọ̀lù lò fún Jésù nínú Fílípì 2:8.

Ìgbà 14 ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, a sì kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, ẹni náà ló rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, bíi Pọ́ọ̀lù tó wàásù ní Kọ́ríńtì láìgba owó (2 Kọ́ríńtì 11:7). Nígbà mìíràn, Ọlọ́run ni. Pọ́ọ̀lù kan náà ń bẹ̀rù kí Ọlọ́run má baà rẹ òun sílẹ̀ lójú wọn (12:21). Nínú Fílípì 4:12, àìní ló ń fa ìrẹ̀sílẹ̀ náà. Kò sí ibì kan nínú mẹ́rìnlá náà tí ènìyàn ti rẹ ẹnìkejì rẹ̀ sílẹ̀. Pétérù tó ní kí a rẹ ara wa sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run (1 Pétérù 5:6) ti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún àwọn alàgbà, ní ẹsẹ 3, kí wọ́n má jẹgàba lórí agbo. Ẹsẹ 6 nìkan la mọ̀ sórí!

Nínú Májẹ̀mú Láéláé tí a túmọ̀ sí Gíríìkì ṣáájú ìbí Jésù, a rí ènìyàn tó ń rẹ ènìyàn sílẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ṣe é: àwọn ará Íjíbítì sí Ísírẹ́lì (Ẹ́kísódù 1:12), Ṣékémù sí Dínà (Jẹ́nẹ́sísì 34:2). Ìnilára ni ti àkọ́kọ́, ìfipábánilòpọ̀ ni ti èkejì.

Ẹnìkan lè ní áńgẹ́lì ṣáà sọ fún Hágárì pé kó padà lọ rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ Sáráì (Jẹ́nẹ́sísì 16:9). Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà gan-an ló wà níbẹ̀, kò sì rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ní ẹsẹ 11, tapeinōsis, ọ̀rọ̀-orúkọ tó ti ara rẹ̀ jáde, ni a fi pe ìpọ́njú Hágárì. Olúwa ti gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọmọ náà ní Íṣímáẹ́lì, Ọlọ́run ń gbọ́.