Gómìnà Tí Ó Ti Orí Àga Ìwàásù Wá: Huckabee ti Arkansas àti Ipò Ààrẹ

Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn onígbàgbọ́ nígbàkígbà tí àkókò ìbò bá súnmọ́ tòsí: ó ha yẹ kí ẹni tí ó ti dúró lórí àga ìwàásù tún lọ jókòó lórí àga ìjọba? Àwọn kan a wí pé kò yẹ rárá, nítorí ìṣèlú a máa ta epo sí aṣọ funfun. Àwọn mìíràn a wí pé bí àwọn olùbẹ̀rù Ọlọ́run bá sá, ta ni yóò kù? Kàkà kí a máa fi ẹnu lásán jiyàn, ó sàn kí a wo ẹnìkan tí ó ti ṣe é rí. Ẹni náà ni Mike Huckabee, tí ó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Arkansas ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1996 títí di oṣù January 2007, tí ó sì du ipò Ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 1955 ni a bí i ní ìlú kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hope, ìyẹn ni Ìrètí, níbi tí a gbé bí Bill Clinton pẹ̀lú. Panápaná ni baba rẹ̀; ilé wọn kì í ṣe ilé olówó. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó tọ́ ọ dàgbà, ìjọ kan náà tí ó rán T. J. Bowen wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850, ẹni tí àwọn ará Ìjàyè àti Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè gbàgbé. Ó ṣe olùṣọ́-àgùntàn ní Pine Bluff láti 1980, lẹ́yìn èyí ní Texarkana títí di 1992. Láàárín 1989 sí 1991 òun ni ó ṣe olórí gbogbo ìpàdé Onítẹ̀bọmi ní Arkansas.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ipò gómìnà ṣàjèjì. Ó kọ́kọ́ du ipò aṣòfin àgbà ní 1992, Dale Bumpers sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀. Ní 1993 ó di igbákejì gómìnà. Nígbà tí ó di 1996, ilé-ẹjọ́ dá gómìnà Jim Guy Tucker lẹ́bi ẹ̀tàn, òun náà sì ṣèlérí pé òun yóò fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù July. Ọjọ́ pé, àlejò pé, ni Tucker bá ní òun kò lọ mọ́! Fún wákàtí díẹ̀ ìlú kò mọ ẹni tí ń ṣe olórí wọn. Huckabee kò gbọ̀n. Ó wí pé bí ọkùnrin náà kò bá lọ, àwọn aṣòfin yóò yọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Tucker ti yọ̀ǹda.

Ẹgbẹ́ Republican ni Huckabee wà, òun sì wà lára àwọn tí wọ́n ń di ọ̀nà àtijọ́ mú ṣinṣin. Ó kórìíra oyún ṣíṣẹ́. Ó gbà pé ìgbéyàwó jẹ́ ti ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Kò sì fẹ́ kí a fagi lé ìdájọ́ ikú. Ní 2001 ó fọwọ́ sí òfin kan tí ó jẹ́ kí tọkọtaya tí ó bá fẹ́ lè yan ìgbéyàwó onímájẹ̀mú: wọ́n ní láti kọ́kọ́ gba ìmọ̀ràn, ìkọ̀sílẹ̀ kò sì ní rọrùn fún wọn. Ní oṣù February 2005 òun àti Janet aya rẹ̀ lọ tún ẹ̀jẹ́ wọn jẹ́ ní gbangba lábẹ́ òfin náà. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ ń ka ojú-ìwé yìí yóò mọ bí inú obìnrin ti máa ń dùn sí irú ìyẹn.

Títí dé ìhín, bí a ti ń retí ni. Ṣùgbọ́n Arkansas jẹ́ ìpínlẹ̀ tí òṣì pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn aṣòfin tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà náà sì jẹ́ ti ẹgbẹ́ Democrat, nítorí náà ó di dandan kí ó bá wọn ṣe. Ní 1997 a dá ètò ARKids First sílẹ̀ fún ìtọ́jú ara àwọn ọmọ tí òbí wọn kò tálákà tó láti gba ìrànwọ́ ìjọba, tí wọn kò sì lówó tó láti sanwó dókítà. Ó gbà kí owó orí epo ọkọ̀ lọ sókè kí a lè tún ọ̀nà ṣe. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ náà sọ ní 2002 pé bí a ti ń pín owó fún ilé-ẹ̀kọ́ kò bá òfin mu, ó fẹ́ kí a pa àwọn ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké pọ̀, àwọn ará oko sì bínú sí i gidigidi. Ó tilẹ̀ fẹ́ kí àwọn ọmọ àjèjì tí wọ́n wọ̀lú láìní ìwé àṣẹ lè rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà bí wọ́n bá mọ̀wé. Ìyẹn kò kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin. Ní oṣù September 1997, nígbà tí ó pé 40 ọdún tí a fi ìwà ìkà dí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án lọ́nà ilé-ẹ̀kọ́ Central ní Little Rock, òun àti Ààrẹ Clinton ni wọ́n di ilẹ̀kùn mú kí àwọn mẹ́sàn-án náà lè wọlé.

Oore ni igún ṣe tí ó fi pá lórí. Àwọn olówó inú ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dárí owó orí wọ̀nyí jì í. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Club for Growth, tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ owó orí sétí, náwó láti bá a jà nígbà tí ó jáde fún ipò Ààrẹ. Ní tèmi, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí gómìnà gba kọ́bọ̀ lórí epo kí ọ̀nà lè dára.

Ọ̀ràn kejì ni ó wúwo jù. Gómìnà Arkansas ní agbára láti dárí ji ẹlẹ́wọ̀n tàbí láti dín ọdún ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kù, Huckabee sì lo agbára yìí fún ènìyàn tí ó ju 1,000 lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Maurice Clemmons, tí a ti jù sí ẹ̀wọ̀n láti ìgbà ọ̀dọ́ nítorí olè jíjà, fún iye ọdún tí ó ju ọjọ́ ayé ènìyàn lọ. Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ó wí pé inú ìdílé Kristian rere ni òun ti wá. Adájọ́ kan gbè é lẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ gbà. Ní 2000 gómìnà dín ọdún náà kù, ìgbìmọ̀ sì dá a sílẹ̀. Ó tún ṣẹ̀, a tún mú un, a tún tú u sílẹ̀. Ní oṣù November 2009, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gba onídùúró rẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Washington, ó wọ ilé kọfí kan ó sì yìnbọn pa ọlọ́pàá mẹ́rin.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún ọkùnrin yẹn, ti gómìnà sì jẹ́ ọ̀kan péré. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó wà láàárín. Síbẹ̀ n kò lè gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n wí pé ọ̀ràn náà kò kàn án. Olùṣọ́-àgùntàn a máa dárí jì ní orúkọ Olúwa rẹ̀, bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá sì padà sínú ẹ̀ṣẹ̀, omijé ni ó bá dé. Gómìnà a máa dárí jì ní orúkọ àwọn ará ìlú, ẹ̀jẹ̀ wọn ni a ó sì fi san gbèsè náà. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àti àwọn tí a ṣẹ̀ ti ń kígbe pẹ́ pé a kì í fetí sí àwọn tó kí ó tó tọwọ́ bọ̀wé. Níbẹ̀ ni mo rò pé àṣìṣe rẹ̀ wà, kì í ṣe nínú àánú fúnra rẹ̀.

Ó ti du ipò Ààrẹ kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù January 2008, ní Iowa, ó borí Mitt Romney ọlọ́rọ̀, ó gba nǹkan bí 34 nínú 100 nígbà tí Romney gba 25. Àwọn ará ìjọ ni wọ́n gbé e. Ẹsẹ̀ wọn ni ó fi rìn, nítorí kò lówó púpọ̀. Ìpínlẹ̀ mẹ́jọ ni ó mú ní gbogbo rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ní Gúúsù, níbi tí Onítẹ̀bọmi kún. Nígbà tí ó kúrò láàárín àwọn tirẹ̀, ohùn rẹ̀ kò dún tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ní Michigan ó wí pé ó yẹ kí a tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe kí ó lè bá ìlànà Ọlọ́run mu. Ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi pẹ̀lú kò sì rò pé ọwọ́ aṣòfin ni ìjọba Ọlọ́run yóò ti wá. Ní South Carolina, John McCain fi díẹ̀ jù ú lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù March ó so ọwọ́ rọ̀.

Ó kọ̀ láti díje fún ìbò 2012, ó sì tún jáde ní 2015 ní ìlú Hope. Ní Iowa kan náà, ní ọjọ́ 1 oṣù February 2016, kò rí 2 gbà nínú 100; Ted Cruz ni àwọn ará ìjọ gbé lọ́tẹ̀ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó dáwọ́ dúró. Ní 2025 ó di aṣojú Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Israel. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù January 2023, Sarah ọmọbìnrin rẹ̀ búra gẹ́gẹ́ bí gómìnà Arkansas, ó sì jókòó sí ipò baba rẹ̀ ní Little Rock, níbi tí ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń dé.