Ojú Tó Ń Ṣọ́ni

Nínú ìwé Nineteen Eighty-Four tí George Orwell gbé jáde ní 1949, ẹ̀rọ kan wà lára ògiri ilé Winston, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé. Kò mọ ìgbà tí ìjọba ń fi wò ó. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń sọ ọ́ di ẹni tí ń tẹríba.

Ní Nàìjíríà náà, irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ wà. Ní 1984, ìjọba ológun Buhari fi Òfin Kẹrin (Decree No. 4), tó de àwọn oníròyìn, ju akọ̀ròyìn ìwé ìròyìn Guardian méjì, Tunde Thompson àti Nduka Irabor, sẹ́wọ̀n. Láyé ìjọba ológun Abacha, níbí ní Ìkàrám-Àkókó, bàbá mi a ti fèrèsé, a yí rédíò wálẹ̀ kí BBC tó dárúkọ Nàìjíríà. Kò sí ọlọ́pàá nítòsí. Ẹ̀rù ti kọ́ ọ láti máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.