Bọ́ọ̀dù Wo Ni Ọmọ Yóò Rà? Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Púpọ̀ nínú yín ni ó ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà yóò wí pé òun ń fẹ́ owó bọ́ọ̀dù fún iṣẹ́ àṣekágbá òun. Owó tí a fi òógùn ojú kó jọ kò yẹ kí ó ṣòfò. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ la ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù yìí yé yín lónìí.

Maikirokọntírólà ni ọpọlọ kékeré tí a fi ń darí ẹ̀rọ. Òun ni ó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ ìgbà tí omi tó. Bọ́ọ̀dù ni pátákó tí a lẹ ọpọlọ náà mọ́, tí ó ní ojú tí a lè so wáyà àti kọ̀ǹpútà mọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ àṣẹ sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ṣọ́ omi inú táńkì, tí yóò tan pọ́ǹpù nígbà tí omi bá lọ sílẹ̀, tí yóò sì pa á nígbà tí ó bá kún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé ESP32 ni ó lágbára jù. Ni ó bá rà á. Ó so sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 mọ́ ọn, èyí tí ń fi ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọn bí omi ti jìnnà tó. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn olùkọ́, ojú tí ó so sẹ́ńsọ̀ náà mọ́ kò dáhùn mọ́.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ni ó wí, “n kò mọ ohun tí mo ṣe.”

Ohun tí ó ṣe kò fara sin. Fólítì 5 ni sẹ́ńsọ̀ náà fi ń dáhùn, fólítì 3.3 ni ESP32 lè gbà. Rẹsísítọ̀ méjì tí kò wọ́n, ti kílóómù 1 àti ti kílóómù 2, ni ìbá dín agbára náà kù sí 3.3. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un, òun náà kò sì béèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo mẹ́ta nínú àwọn bọ́ọ̀dù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò. Arduino bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Ivrea ní Ítálì ní 2005. Uno tirẹ̀ sì jáde ní 2010. Lórí Uno R3, ọpọlọ ATmega328P ní kílóbáìtì 32 fún àṣẹ tí a bá kọ sí i, àti 2 péré fún ìrántí bí iṣẹ́ ti ń lọ. Fólítì 5 ni ó ń lò. Irú èyí tí ọpọlọ rẹ̀ gùn, tí ó jókòó sínú ihò, ṣeé yọ kí a fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ bí ó bá jóná.

ESP32, tí ilé-iṣẹ́ Espressif ní Ṣáínà gbé jáde ní 2016, ní Wi-Fi àti Bluetooth nínú, ìrántí rẹ̀ sì jẹ́ kílóbáìtì 520. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn ojú tí ó fi ń wọn fólítì kì í ṣiṣẹ́ nígbà tí Wi-Fi bá ń lọ lọ́wọ́. Raspberry Pi Pico, tí ó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní 2021 ní dọ́là 4, ní ìrántí kílóbáìtì 264. Fólítì 3.3 ni àwọn méjèèjì yìí ń lò.

Èwo ni kí ọmọ rà nígbà náà? Kí ó kọ́kọ́ mú ìwé, kí ó kọ iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà yóò ṣe sílẹ̀. Ǹjẹ́ yóò fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni a fẹ́ fi Wi-Fi ṣe? Ojú mélòó ni yóò so wáyà mọ́? Fólítì mélòó ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń lò? Ṣé bátìrì ni yóò máa lò nínú oko? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó wá bọ́ọ̀dù tí ó lè sùn kí iná má baà tán, nítorí Uno a máa jẹ iná bí kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ojú Uno kò sì lè gbé pọ́ǹpù; mílíámpíà 20 ni ó yẹ kí ó gbé, nítorí náà ríléè gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Lákòótán, ta ni ó wà nítòsí tí ó ti lo irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ rí? Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Uno ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi padà rà. Ìrántí kílóbáìtì 2 náà tó, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù, nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni táńkì ń béèrè: báwo ni omi ti jìnnà tó? Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn ní ọjọ́ tí wọ́n dá, ó sì yege. Ṣùgbọ́n owó bọ́ọ̀dù méjì ni bàbá rẹ̀ san.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá béèrè owó bọ́ọ̀dù, ẹ má ṣe bi í pé èwo ni ó lágbára jù. Ẹ bi í pé: “Iṣẹ́ wo ni yóò ṣe?” Bí ó bá lè fèsì, ẹ fún un lówó.